Súwíìṣì Tí Bàbá Mi Fi Pamọ́

Ibi tí ọkọ̀ náà kú sí kò jìnnà sí Òṣù. A ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, níbi tí mo gbé bàbá mi lọ kí wọ́n lè bá wọn wo ojú, a sì ń padà sí Iléṣà. Òjò ti ń rọ̀ láti bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méje lù, ẹ́ńjìnnì gé. Kò hó, kò rú èéfín, kò dún gbàmù. Ó kàn dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ bo ọmọ tó ń sunkún lẹ́nu. Mo jẹ́ kí ọkọ̀ fi eré tó kù lára rẹ̀ yí bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo yí kọ́kọ́rọ́ padà. Iná pupa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ, iná iwájú mọ́lẹ̀ yòò. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò jí.

Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1976. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Owó Údọ̀jì, ìyẹn àfikún owó oṣù, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà, tíṣà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti ọdún mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kan ọkọ̀. Bàbá mi wà lára wọn. Wọ́n yá owó, wọ́n sì ra Ìjàpá. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi gbé ìyá mi lọ bí mi, inú rẹ̀ náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Nígbà tí ojú wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè wakọ̀ mọ́, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́ yẹn, wọ́n fi súwíìṣì kékeré kan hàn mí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ sókè, ọkọ̀ á jí. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a lè máa yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní jí. Òun ni mo kọ́kọ́ wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sókè, mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá. Ìyẹn ò tu irun kan lára rẹ̀.

Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi fìlà wọn bo orúnkún. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀kan ṣì wà."

Mo ní, "Ọ̀kan kí ni, Bàámi?"

"Súwíìṣì. Mo fi òmíràn sí i lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí àwọn olè fẹ́ gbé e."

"Níbo lẹ fi sí, sà?"

Wọ́n wo ilẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn. Wọ́n na ọwọ́ sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú wọn, wọ́n sì fà á padà. Wọ́n ní, "Ó wà níbì kan." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n tún ní, "Mo mọ ibẹ̀. Ó wà níbì kan."

Ó ti tó ọdún kan tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ nílé, tí àwa ọmọ sì ń ṣe bí ẹni pé a ò rí i. Wọ́n á lọ mú nǹkan nínú yàrá, wọ́n á dúró síbẹ̀. Wọ́n á pe àbúrò mi ní orúkọ àbúrò tiwọn tó ti kú. A máa ń sọ pé àgbà ló dé. Nínú ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú òjò lórí páànù rẹ̀ àti òkùnkùn nínú igbó ọ̀tún àti ti òsì, kò ṣeé ṣe láti máa pè é ní àgbà lásán mọ́. Mo rí i lójú wọn pé àwọn fúnra wọn mọ̀. Ohun tó dùn wọ́n kì í ṣe pé ọkọ̀ kú. Ohun tó dùn wọ́n ni pé àwọn ló fi nǹkan pamọ́, tí àwọn ò sì rí i mọ́.

Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá abẹ́ àga, mo wá inú bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, mo wá ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn níbi tí bátìrì wà. N kò rí nǹkan kan. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá, wọn kò dúró, n kò sì bá wọn wí. Ta ni yóò dúró lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà nínú òkùnkùn nítorí ọkọ̀ àtijọ́ kan? Èmi náà lè má dúró.

Ó tó wákàtí méjì kí awakọ̀ kan tó dúró. Ọkọ̀ akérò ló ń wà, kò kó èrò, ilé ló ń lọ. Ọmọ tí n kò rò pé ó tó ọgbọ̀n ọdún. Ó kí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nínú omi òjò yẹn, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ kí òun gbọ́. Ó gbọ́. Kò béèrè nípa súwíìṣì kankan. Ó lọ mú wáyà kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, wáyà gígùn tí wọ́n so ìmú irin mọ́ lórí méjèèjì. Ó ní kí n gbé àga ẹ̀yìn sókè, ó fi orí kan mú bátìrì níbi pọ́sítíìfù, ó gba wáyà náà jáde lójú fèrèsé, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ó sì fi orí kejì mú kọ́ìlì, ẹ̀rọ tó ń sọ iná kékeré bátìrì di iná ńlá fún plọ́ọ̀gì. Ó ní, "Ó yá, ẹ yí i." Mo yí i. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó kìlọ̀ fún mi pé kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa ọkọ̀ náà mọ́, pé tí a bá délé, kí n yọ wáyà yẹn lórí bátìrì, ìgbà náà ni yóò tó kú. Mo nawọ́ owó sí i, kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí bàbá ṣàdúrà fún òun. Bàbá mi ṣàdúrà fún un, wọ́n sì ṣe é pẹ́.

Láti ibẹ̀ dé Iléṣà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò. Súwíìṣì tí bàbá mi fi pamọ́ dá wa dúró fún wákàtí méjì nínú òjò, àwa tí a ni ọkọ̀. Ọmọ yìí, tí kò rí ọkọ̀ náà rí, tí kò mọ̀ pé súwíìṣì kankan wà níbẹ̀, kò lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ló dé tí ohun tí a fi ń dènà olè fi le fún onílé tó bẹ́ẹ̀, tó sì rọ̀ fún àjèjì?

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé bàbá mi ò gbọ́n. Súwíìṣì yẹn ti gbà wọ́n rí. Ọdún 1993 ni, a ṣì ń gbé ní apá Òkè Ìmọ̀ nígbà náà. Àwọn olè wọ àgbàlá wa lóru, wọ́n ti Ìjàpá jáde láì ta á, wọ́n sì jẹ́ kí ó yí sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá la bá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n ti fa wáyà ìdí kọ́kọ́rọ́ yọ bí ìfun ẹran. Wọ́n sapá, kò jí, wọ́n fi í sílẹ̀. Súwíìṣì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi pinnu pé ẹyọ kan kò tó. Wọ́n fi èkejì sí i, wọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá mi.

Ẹ rántí bí ọkọ̀ ìgbà náà ṣe rí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ju pẹlẹbẹ irin lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní ẹ̀rọ tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró bí kọ́kọ́rọ́ tí a fi sí i kò bá jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ òde òní fi ní ṣípù nínú. Ìjàpá kò ní irú rẹ̀, Peugeot 504 kò ní in. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ àtijọ́, òun fúnra rẹ̀ tàbí rewáyà rẹ̀ ló máa ṣe ẹ̀ṣọ́ tí ọkọ̀ náà máa ní. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tí ọkọ̀ wọ̀nyí ní ni wáyà díẹ̀ tí a bá fọwọ́ ara wa tò.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan tí kò jìnnà sí Ẹ̀rẹ̀jà, bàbá àgbàlagbà tí wọ́n ti ń ṣe iná ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ní àwọn á bá mi lọ. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún wọn lábẹ́ igi, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní inú ọkọ̀ àwọn ni àwọn máa jókòó sí. Wọ́n bá wọlé sí ìdí sitiárín, níbi tí wọn kò tíì jókòó sí láti bí ọdún mẹ́ta.

Rewáyà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà. Wọ́n yọ wáyà olóore wa tàná kúrò, wọ́n ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́ ṣùgbọ́n kí n má ta á. Wọ́n mú tẹ́sítà wọn jáde, gílóòbù kékeré tí wáyà méjì yọ lára rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀kan mú bọ́dì ọkọ̀, wọ́n fi èkejì kan kọ́ìlì níbi tí wọ́n kọ 15 sí. Gílóòbù kò tàn. Iná ti ìdí kọ́kọ́rọ́ jáde, kò dé kọ́ìlì. Wọ́n ní, "Ó já sójú ọ̀nà. Ibi tó ti já gan-an la ó wá." Wọ́n fi tẹ́sítà sílẹ̀ lórí kọ́ìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti máa tọ wáyà dúdú náà lẹ́sẹẹsẹ.

Èmi dúró lẹ́yìn ọkọ̀, mo ń wo gílóòbù. Ló bá tàn. Ó tàn bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́jú, ó sì kú.

Rewáyà pariwo láti abẹ́ ọkọ̀, "Ta ló fọwọ́ kan kiní kan?"

Mo sáré lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bàbá mi jókòó, wọ́n ń wo iwájú gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jáde kúrò nílé láàárọ̀. Ọwọ́ òsì wọn wà nísàlẹ̀, láàárín àga àti ìdí ilẹ̀kùn, ìka wọn ti wọ abẹ́ etí rọ́bà ilẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ọ: kẹ́. Gílóòbù tún ṣẹ́jú.

Wọ́n wo ọwọ́ wọn fúnra wọn, ó ya àwọn náà lẹ́nu. Wọ́n wá wò mí. "Mo sọ fún ẹ," ni wọ́n wí. "Ó wà níbì kan."

Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí mi. Ní alẹ́ àná, ìjókòó èrò ni wọ́n wà. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń bi ẹnu wọn léèrè ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀. Bó bá jẹ́ pé mo ní kí a pààrọ̀ ìjókòó ni, bóyá ìṣẹ́jú kan náà là bá lò.

A tú súwíìṣì náà. Bàbá mi ti fi tíúùbù táyà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ wé orí wáyà rẹ̀, wíwé tó le dan-in, tó ṣòro láti fi ọ̀bẹ gé. Orí wáyà kò ní ìpalára. Súwíìṣì gan-an ni nǹkan ṣe. Irú èyí tí wọ́n ń fi sára rédíò ni, kò lágbára. Kọ́ìlì ọkọ̀ báyìí máa ń mu iná bí ámpíà mẹ́rin nígbà tí kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pàdé bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí, bá pàdé, gbogbo rẹ̀ sì gba inú súwíìṣì kékeré yẹn kọjá ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń rìn, fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Ẹ fi ti omi kún un: ìdí ilẹ̀kùn Ìjàpá ni ibi tí ìpẹtà ti máa ń kọ́kọ́ mú un, ibẹ̀ sì ni súwíìṣì náà wà. Nígbà tí rewáyà fọ́ ìdí rẹ̀, irin tó yẹ kó máa pàdé ara wọn nínú rẹ̀ ti dúdú bí èédú, ọ̀kan ti jẹ tán. Mo wá rántí pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ náà ti máa ń ta gìrì tí mo bá wọ kòtò, tí yóò dà bí ẹni pé ó fẹ́ kú, tí yóò tún mí. Mo rò pé epo ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ yìí, tó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ wo súwíìṣì yín kí ẹ tó tú kàbúrétọ̀.

Ìgbà yìí ni èmi àti rewáyà wá jókòó sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe yé mi, torí n kò tíì rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ní èdè wa.

Iná ti ìdí kọ́kọ́rọ́ wá sí ẹnu 15 lára kọ́ìlì. Ó gba inú kọ́ìlì kọjá, ó jáde lẹ́nu kejì tí wọ́n kọ 1 sí, ó lọ bá kọ́ńtáàtì nínú dìsìtìríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, láti ibẹ̀ ó kan bọ́dì ọkọ̀. Kọ́ńtáàtì ń ṣí, ó ń pàdé, ó ń ṣí, ó ń pàdé. Ìgbàkígbà tó bá ṣí ni iná inú kọ́ìlì já lójijì, jíjá yẹn ló sì ń mú kí kọ́ìlì ju iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì jáde lójú wáyà gbọọrọ, tí rótọ̀, apá kékeré tó ń yí nínú dìsìtìríbútọ̀, yóò pín in fún plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 1, 4, 3, 2. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì ń ṣí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣíṣí yẹn gan-an ni ẹ̀mí ọkọ̀.

Ohun tí bàbá mi ṣe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe, ni pé wọ́n gé wáyà tó ń lọ sí 15, wọ́n fi súwíìṣì sáàárín rẹ̀. Ó rọrùn, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú. Ṣùgbọ́n wò ó: bí súwíìṣì yẹn bá bàjẹ́, onílé ló dá dúró. Bí olè bá sì mú wáyà kan dání, ó fo súwíìṣì náà kọjá láì wá a rárá, gẹ́gẹ́ bí olóore wa ti ṣe lójú ọ̀nà. Àléébù méjèèjì sì kọjú sí onílé.

Mo béèrè nípa sítátà, kí a gé wáyà tirẹ̀ dípò. Rewáyà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ní Iléṣà wa yìí?" Òótọ́ ni. Ìlú olókè ni. Ènìyàn méjì ti Ìjàpá, wọ́n fi í sí jíà kejì, wọ́n jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ti jí. Àwọn olè ọdún 1993 kò nílò sítátà.

Àwọn kan máa ń fi tápù sí ojú ọ̀nà epo. Tí wọ́n bá tì í, ọkọ̀ á jí, á rìn díẹ̀ lórí epo tó kù nínú kàbúrétọ̀, á sì kú sójú títì mọ́ olè lọ́wọ́. Mo gbọ́ pé ó máa ń dùn mọ́ àwọn tó ṣe é. Èmi kò fẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, rọ́bà epo rẹ̀ ń gbó nínú ooru, ibi tí a bá sì gé tí a tún so ni ibi tí epo ti lè máa kán lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí Ìjàpá tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ ohun tí mo ń sọ. N kò lè torí olè fi iná sun bàbá mi.

Rewáyà wá mú àbá rílè wá, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá, kí súwíìṣì má máa ru iná kọ́ìlì fúnra rẹ̀. Rílè ní ẹnu 85 àti 86 tí iná tín-ín-rín ń gbà, ó ní 30 àti 87 tí iná ńlá ń gbà; súwíìṣì á máa ru iná kékeré nìkan, kò ní jó. Ó dára, ìbá sì ti gbà wá lálẹ́ àná. Ṣùgbọ́n ojú 15 náà ló ṣì máa dúró sí, ìyẹn ni pé wáyà olóore wa ṣì lè fò ó.

Ọ̀nà tí a gbà níkẹyìn yàtọ̀. A kò gé wáyà kankan. A fa wáyà tuntun kan láti ẹnu 1 lára kọ́ìlì, a gbé e lọ sí súwíìṣì kan, a sì so ẹ̀gbẹ́ kejì súwíìṣì náà mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Nígbà tí súwíìṣì bá ṣí, wáyà náà kò ṣe nǹkan kan, ọkọ̀ ń rìn bó ṣe ń rìn láti ọdún 1976. Nígbà tí súwíìṣì bá pàdé, ẹnu 1 ti kan bọ́dì pátápátá. Kọ́ńtáàtì lè máa ṣí kó máa pàdé bó ṣe wù ú, iná inú kọ́ìlì kò já mọ́, torí ó ti rí ọ̀nà mìíràn gbà lọ. Kò sí jíjá, kò sí iná lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Sítátà á máa yí, ẹ́ńjìnnì kò ní jí. Olè lè fa wáyà láti orí bátìrì wá sí 15 nígbà mẹ́wàá, kò ní ran nǹkan kan. Bí wáyà wa tuntun bá já fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tàbí tí súwíìṣì bá jó bíi ti àtijọ́, ọkọ̀ á kàn máa rìn lọ ni. Ẹ̀ṣọ́ ló máa kú, ọkọ̀ kò ní kú. Fún èmi tó ń gbé arúgbó kiri lójú ọ̀nà tí òjò wà, ìyàtọ̀ yẹn tó ohun gbogbo.

Ó ní tirẹ̀ náà, n kò ní fi pamọ́. Bí wáyà náà bá há sábẹ́ irin, tí ara rẹ̀ bó, tó kan bọ́dì, ọkọ̀ á kú gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a tẹ súwíìṣì. Nítorí náà, gbogbo ihò tó ti gba inú irin kọjá la fi rọ́bà sí lẹ́nu, a sì lo wáyà ọkọ̀ tó ní irun púpọ̀ nínú, kì í ṣe wáyà ilé olókùn kan tó máa ń ṣẹ́ tí ọkọ̀ bá gbọ̀n. Orí rẹ̀ la fi òjé yíyọ́ jó mọ́ irin, a kò kàn lọ́ ọ mọ́ra. Èkejì ni pé tí súwíìṣì bá wà ní pípàdé, ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ. Iná á máa gba inú kọ́ìlì láì sinmi, kọ́ìlì á gbóná, á sì jó. Ẹ̀kẹta, àwọ̀ wáyà náà gbọ́dọ̀ jọ ti àwọn tó ti wà lẹ́nu kọ́ìlì tẹ́lẹ̀, kí a sì wé e mọ́ wọn. Wáyà tuntun aláwọ̀ òfèéfèé lẹ́nu kọ́ìlì àtijọ́ dà bí ẹni tó kọ àdírẹ́sì ibi tó sin owó sí sára ògiri. Olè tó bá ní wákàtí kan nínú oòrùn á rí i bó ti wù ó kó jọ. Wákàtí kan yẹn ni olè kì í ní.

Fún alẹ́ tí ọkọ̀ bá máa sun ìta, mo padà sí ohun tí bàbá mi máa ń ṣe kí súwíìṣì kankan tó wà. Mo ṣí ojú dìsìtìríbútọ̀, mo yọ rótọ̀, mo fi í sínú báàgì mi. Kò tó àtàńpàkò méjì. Mo ṣì rántí wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n á ki ọwọ́ sápò agbádá láti mú owó igbá, tí rótọ̀ á kọ́kọ́ jáde.

Nígbà tó ku ibi tí a ó fi súwíìṣì tuntun sí, rewáyà dáwọ́ dúró. Wọ́n lé àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lọ ra omi. Wọ́n fa wáyà náà dé ibì kan, wọ́n jẹ́ kí ó ṣẹ́kù bíi mítà méjì, wọ́n sì kó irin ìjórí, èyí tí a fi ń yọ́ òjé mọ́ orí wáyà, lé mi lọ́wọ́. "Ẹ ti rí bí mo ṣe jó ti ìyókù. Ẹ gbé èyí délé, kí ẹ̀yin fúnra yín mú un lọ síbi tó bá wù yín. Ohun tí n kò mọ̀, kò sí ẹni tó lè bi mí." Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé rewáyà tó ṣe sẹ̀kúrítì ọkọ̀ ẹni ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù. Bóyá irú wọn wà. Èyí tí mo bá pàdé fúnra rẹ̀ yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àṣírí mi, n kò ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo jó o fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta, ó sì jó mi níka. N kò ní sọ ibi tó wà fún yín. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta ló mọ̀ ọ́n lónìí: èmi, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn, àti ọmọbìnrin mi àgbà. Mo jẹ́ kí ó jókòó sí ìdí sitiárín, mo ní kí ó di ojú, kí ó sì fọwọ́ wá a títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ọ̀nà. Bàbá mi pa tiwọn mọ́ fún olè, wọ́n sì pa á mọ́ fún wa pẹ̀lú. N kò bá wọn jà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn, àwọn nìkan ló ń wakọ̀ nílé wa, ta ni wọn ì bá sọ fún?

Rewáyà fẹ́ sọ súwíìṣì àtijọ́ náà nù. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi so irin rẹ̀ padà síbi tó wà, lábẹ́ etí rọ́bà, láàárín àga àti ìdí ilẹ̀kùn, láì sí wáyà kankan lára rẹ̀. Wọ́n wo bàbá mi tó jókòó nínú ọkọ̀, wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n mú síkírúdíráífà.

Ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé báyìí, bàbá mi máa ń jáde sí àgbàlá láti wá mú Ìjàpá gbóná. Mo máa ń lọ ṣáájú wọn, mo á tẹ tèmi, mo á wá ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á tún fìlà ṣe nínú dígí. Ọwọ́ òsì wọn á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, láì jẹ́ pé wọ́n wo ibẹ̀. Kẹ́. Wọ́n á wá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á sì jí.